Etí Òfìfo Níwájú Ìgbìmọ̀ Ìwúlò

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi pamọ́ fún yín: ẹni tó bá ń ráhùn kiri ìlú pé òun nìkan ló kù tó gbọ́ èdè kan, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà yọjú. Bí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàdé Oyèkàn ṣe rí nìyẹn, ọ̀gá Ẹ̀ka Èdè àti Àṣà Òkèèrè ní Yunifásítì Òkè-Ìmọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń kígbe pé ìran òde òní ti sọ etí nù. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ èdè Jámánì, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní kó la ẹnu kó sọ ọ́, á fetí sílẹ̀ díẹ̀, á wá fa ojú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í padà wá. Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n á mí kanlẹ̀, á yíjú sí ògiri, á ní, "Wọn ò fẹ́ kọ́ ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìgbìmọ̀ Ìwúlò ránṣẹ́ pè é, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wọn ló kọ́kọ́ dá a dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ilẹ̀kùn wí, pẹ̀lú ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Kí ni ìwúlò yín lónìí?"

Gbogbo ènìyàn ló ń dá ilẹ̀kùn yìí lóhùn. Ọkùnrin kan tó kọjá lára Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun wá tún iná ṣe, ó ṣí fún un. Obìnrin kan ní òun kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ ni, ó ṣí fún òun náà. Kò sí èsì tí kì í gbà, àfi ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ti búra tipẹ́ pé òun ò ní jíhìn fún ohun tí wọ́n fi ìṣó kàn.

"Èmi kì í bá pákó sọ̀rọ̀," ló wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ìwúlò yín lónìí: ẹ kì í bá pákó sọ̀rọ̀," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Wúràọlá Ejídé ni, olùkọ́ èdè Faransé, òun nìkan ló ṣẹ́kù lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka náà. "Ẹ tètè wọlé, sà," ló wí, "kó tó bi yín ní òmíràn."

Wúràọlá ń wọ àgbọ́yé, ẹ̀rọ kékeré tó ń túmọ̀ èdè, létí òsì, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń fi í bọ ọmọ létí láyé ìsinsìnyí, kí wọ́n tó fi oyin kàn án lẹ́nu. Látọjọ́ náà lọ, èdèkédè tí wọ́n bá sọ níwájú ọmọ náà, Yorùbá ni yóò dé etí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yọ tirẹ̀ ní gbangba, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ kan, àpá ihò rẹ̀ sì wà létí rẹ̀ títí dòní. Ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ orí ibẹ̀ sí àlejò bí ọmọ ogun tó fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ojú ọgbẹ́.

Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kọjá, níbi tí àwọn ẹ̀ka tó ti kú wà. Ẹ̀ka Ìtàn ti di ibi tí wọ́n ń to bátìrì sí. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀sìn ti di ilé ìdáná. Ti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ló yá jù: nígbà tí Ìgbìmọ̀ bi wọ́n léèrè ìwúlò wọn, wọ́n ní ó yẹ kí gbogbo àwọn kọ́kọ́ jíròrò lórí ohun tí à ń pè ní ìwúlò. Wọn ò tíì jíròrò dé ìdajì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga kúrò lábẹ́ wọn.

"Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ní àwọn á ṣe é, sà," ni Wúràọlá wí bí wọ́n ṣe ń lọ. "Wọ́n á mú àlejò wá. Àwa á fi àgbọ́yé gbọ́ ohun tó sọ, ẹ̀yin á fi etí òfìfo gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n á mú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á yàn án. Wọ́n á ní kí ẹ sọ ohun tí àlejò wí. Bí tiyín bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ohùn náà lọ fún àyẹ̀wò, a ó sì ráyè mí. Bí kò bá yàtọ̀, ó parí nìyẹn, wọ́n á ti ẹ̀ka wa pa."

"Yóò yàtọ̀. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ yẹn."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ṣúgà tiyín rọ́pò rẹ̀. Bó bá bú wa, ẹ ní ó bú wa."

"Ìwọ Wúràọlá. Ìgbà wo lo gbọ́ tí mo fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ rí?"

Wúràọlá gbójú sókè, ó ń wo àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣẹ̀yẹ fún wọn pẹ̀lú, sà," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Ṣẹ̀yẹ ni àgbàlagbà obìnrin kan tó ń wá kọ́ Faransé lọ́dọ̀ Wúràọlá. Ọmọ rẹ̀ lọ́kọ sí Dakar, ó sì ti bímọ síbẹ̀. Bí ìyá bá ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú dígí fóònù, àgbọ́yé á sọ fún un pé ọmọ náà ń kí i tayọ̀tayọ̀, pé àárò ìyá àgbà ń sọ òun. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń wo ojú ọmọ. Ó ní ojú náà kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ gan-an, kódà bó bá jẹ́ pé ó ń ní kí ìyá àgbà yìí fi òun sílẹ̀ ni. Ó ti bọ́ àgbọ́yé sínú àpò, ó ń kọ́ èdè náà díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo, kò sì dẹ́kun.

"Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ là ń lọ sọ níbẹ̀."

Olóyè Fadérera Atóyèbí, alága Ìgbìmọ̀ Ìwúlò, kì í gbé ohùn sókè. Àwọn ẹ̀ka tó ti pa pàápàá kì í lè bínú sí i dáadáa. Ó dìde fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó ní kí wọ́n bá a wá ìrọ̀rí sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ẹnjiníà Ọ̀kẹ́wọlé jókòó sí, ọkùnrin tín-ínrín tó mọ tinú tòde ẹ̀rọ. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka mìíràn kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa sọ nígbà tó bá kàn wọ́n.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ là wá lóye," ni Olóyè wí. "Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ti gbọ́ gbogbo èdè ayé kó tó hu eyín. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ wá fi ọdún gbọọrọ kọ́ ní yunifásítì?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó ti ń retí ìbéèrè yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti wà ní dúdú. "Olóyè, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ èdè ẹlẹ́dè, bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń jẹun dípò rẹ̀ ni, tó wá ń ròyìn adùn rẹ̀ fún un."

"Wọ́n yó, sà," ni Ẹnjiníà Ọ̀kẹ́wọlé wí. "A ò rí ẹni tó ń ráhùn."

"Wọn ò mọ̀ pé ṣúgà ni wọ́n ń fún àwọn jẹ ni."

"Àgbọ́yé kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í yọ nínú ọ̀rọ̀. Ó wà lára páálí rẹ̀."

"Èdè àwọn ará Ṣáínà ló wà lára páálí yẹn. Ta ló kà á fún yín?"

Ẹnjiníà ronú díẹ̀. "Àgbọ́yé ni."

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó nígbà náà ni, bóyá ì bá ti dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín dùn mọ́ ọn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ lórí etí òfìfo, ó sọ̀rọ̀ lórí ọlá tó wà nínú ìyà, ó yí ẹ̀gbẹ́ orí kí wọ́n lè rí ihò etí rẹ̀. Ó fẹ̀ ju ẹ̀ka náà lọ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kò dárúkọ Ìyá Ṣẹ̀yẹ. Ìgbà tó fi parí, àwọn kan ti ń wo èékánná wọn.

Olóyè ní kí wọ́n mú àlejò wọlé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, Anke ni wọ́n ń pè é. Wọn ò tíì dárúkọ rẹ̀ tán tí ó ti di Àńkẹ́ lẹ́nu gbogbo gbọ̀ngàn, inú wọn sì dùn pé orúkọ ilé ni. Ilẹ̀ Jámánì ló ti wá, nítorí ẹ̀rọ ìdídò omi tí wọ́n ń ṣe létí odò. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Jens, tẹ̀ lé e wọlé. Wọn ò mọ̀ ju pé wọ́n ní kí àwọn wá jókòó díẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà yunifásítì. Àwọn méjèèjì wọ àgbọ́yé.

Anke wọlé, ó fi ọwọ́ pa apá rẹ̀ méjèèjì, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń dá a lóhùn: ẹ ṣeun o, ẹ káàbọ̀, a dúpẹ́, ilé ńkọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ sí Wúràọlá. "Kí lo gbọ́?"

"Ó ní a kú ìpàdé, a kú ìjókòó, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí èrè ibẹ̀."

"Otútù ló ní ó mú òun."

Wúràọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ọ̀ràn ẹ̀rọ náà kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó àgbọ́yé dé ìlú, bí àlejò bá ṣe sọ ọ̀rọ̀ ló ṣe ń dé etí, kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ kú ilé. Àwọn ènìyàn ní àwọn ò lè máa gbé ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kọ́ etí, wọ́n sì ń dá a padà. Ẹni tó ń ta ọjà kì í bá aráàlú jà. Nígbà tí wọ́n tún fi máa kó o dé, gbogbo òyìnbó ló ti mọ̀ ọ́n kí, kò sì sí ọmọdé nínú wọn tó tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí àgbàlagbà. Látọjọ́ náà ni ìlú ti fẹ́ràn àwọn àlejò rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, Olóyè Fadérera dìde kí Anke, ó kí i kú ọ̀nà, kú òógùn, kú àfojúsọ́nà ilé, ó bèèrè àwọn òbí rẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tí àlejò ti mi orí, tó ti jókòó. Ẹ̀rọ etí tirẹ̀ ti gé gbogbo rẹ̀ kúrú fún un: ẹ ǹlẹ́.

"Olóyè, mo fẹ́ jábọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ohun tó kọ́kọ́ sọ yẹn—"

"Ẹ ṣe sùúrù, Ọ̀jọ̀gbọ́n. A ò tíì yan gbólóhùn. Ẹ kàn jókòó kí ẹ máa gbọ́. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, a ó sì mú ọ̀kan."

Kò sí ohun tí wọ́n ní kó ṣe ju kó jókòó lọ. Àlejò ìbá máa sọ̀rọ̀ otútù àti ebi, ẹ̀rọ ìbá máa ki gbọ̀ngàn bí ọba, èyíkéyìí tí wọ́n bá mú ìbá ti gba ẹ̀ka náà là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tọ́jú ohùn kan láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì rí ẹni tó ni ín rí lójúkojú, ẹ wo bí yóò ṣe jókòó.

"Olóyè, kì í ṣe gbígbọ́ nìkan là ń kọ́," ló wí, ó ti dìde. "Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́."

Wúràọlá fa ọwọ́ agbádá rẹ̀. "Ẹ jókòó, sà. Wọn ò bi yín ní ìyẹn."

"Fi mí sílẹ̀."

Ó bọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, ó tún aṣọ ṣe léjìká, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kí Anke kú ọ̀nà ní èdè Jámánì. Ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọ̀nà, ó bèèrè iṣẹ́ odò, ó ní kí ara ìyá rẹ̀ le. Kò sí ohun tó fo. Etí rẹ̀ ti gbọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn tó ti kú, nínú ohùn àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá lára etí náà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á lọ́dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀, ẹni tó gbé Jámánì fún ìgbà díẹ̀ rí. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sí i, títí tó fi ń lọ sókè sódò bí ẹni ń ki ìdílé kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè kọ ọ́ lórin bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n á fún un ní òdo.

Àgbọ́yé kì í tú ọ̀rọ̀ ẹni tí kò wọ̀ ọ́, òfin ìlú ni. Nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ nínú gbọ̀ngàn náà, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó rí i pé Anke dẹ́kun pípa apá. Ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dárúkọ ìyá rẹ̀, ó tún mi orí. Ìgbà ayé rẹ̀ gbogbo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkàn kò tíì rí ẹni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún fi gbólóhùn kan kún un, èyí tó dára jù lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi parí ẹ̀kọ́.

Anke tẹ̀ sọ́dọ̀ Jens, ó sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Háà," ni gbogbo gbọ̀ngàn wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

"Èyí yẹn," ni Olóyè Fadérera wí. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn la yàn. Kí àlejò má sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ohun tí ẹ̀rọ wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló sọ?"

Ó gbọ́ ọ. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ṣé Yorùbá nìyẹn, tí bàbá yìí ń sọ?"

 Ohun tó máa dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi nìyí lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ́ ketekete, kò sí ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó lè jẹ́ kí ọmọdé bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa àgbàlagbà kó sì dé etí ẹnikẹ́ni bó ṣe wà. Kó kàn la ẹnu sọ ọ́ ni. Wọ́n á gbé ohùn náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á rí i pé òótọ́ ló sọ, ẹ̀ka á dúró, Ìyá Ṣẹ̀yẹ á padà wá síbi ìjókòó rẹ̀ létí fèrèsé. Gbogbo olùkọ́ yunifásítì á sì mọ̀ pé ọmọ Jámánì gbọ́ Jámánì Àlàdé Oyèkàn, ó pè é ní Yorùbá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Mo ń gbé e yẹ̀wò, Olóyè. Kò rọrùn láti tú."

Ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó wo Wúràọlá. Wúràọlá ti dìde dúró, ó ń mi orí sí i, ó ń mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wò ó bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ìyàlẹ́nu ló kà á sí. Ìgbà náà ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí, òun mọ̀ ọ́n, kíkí ló máa ń kí ènìyàn. Kò ní ṣàì jẹ́ pé ó tún ti kí gbọ̀ngàn kú ìjókòó, tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́. Bí òun bá wá sọ ohun mìíràn, ohun yòówù kó jẹ́, yóò yàtọ̀, ẹ̀ka á rí àyè mí, òun á sì wá bí òun ṣe máa bá àwọn aláyẹ̀wò sọ̀rọ̀. Láàárín èyí, kò sí ìdí tí ohun mìíràn náà kò fi ní dára létí.

Ó tún agbádá ṣe.

"Ó ní," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀, "pé láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun ò tíì rí ẹni tó sọ èdè àwọn dáadáa tó bàbá yìí."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wúràọlá jókòó. Ẹnjiníà Ọ̀kẹ́wọlé wo Olóyè, Olóyè wo tábìlì, nítorí kì í fẹ́ràn apá ibí yìí nínú iṣẹ́ náà.

"Bó ṣe dé etí tiwa náà gẹ́lẹ́ nìyẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí.